Tábúlẹ́ẹ̀tì Tó Mọ Ìwọ̀n Fèrèsé

Ọjọ́ Ajé ni Màdáámú pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ẹ̀rù bà mí. Láàárín ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́, ìgbà mẹ́ta péré ló ti ní kí n jókòó: ọjọ́ tó gbà mí síṣẹ́, ọjọ́ tí ìyàwó mi kú, àti ọjọ́ tí mo já bọ́ lórí àkàbà nílé oníbàárà kan tí ọrùn ọwọ́ òsì mi yẹ̀.

"Oníwọ̀n," ó ní, "a fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì."

Kọ́tìnì là ń ṣe níbẹ̀. Èmi ni mò ń lọ sílé àwọn oníbàárà, mo ń gun àkàbà, mo ń fi téèpù wọn fèrèsé, mo ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé pélébé, ìwé yẹn ni wọ́n ń gbé fún obìnrin tó ń gé aṣọ. Oníwọ̀n ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé láti máa dáhùn orúkọ mìíràn. N kò rí ibi tí tábúlẹ́ẹ̀tì ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

"Ọmọ àbúrò mi ní áàpù kan wà tó ń wọn fèrèsé," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Èèyàn á kàn nà án sí i, á fọwọ́ kan ojú ẹ̀, iye á jáde. Kò sí àkàbà, kò sí téèpù, kò sí pé ẹnì kan já bọ́. Ṣùgbọ́n òun ò mọ fèrèsé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ yan èyí tó máa lè ṣe iṣẹ́ yín dáadáa."

"Tó bá wá ń ṣe iṣẹ́ mi dáadáa ńkọ́, mà?"

Ó wo ìta. "Ẹ ó máa bá wa ká aṣọ nísàlẹ̀. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni. Ọjọ́ orí ń lọ."

Mo mọ iṣẹ́ kíká aṣọ. Ọdún mẹ́rin àti oṣù méje ni mo fi ṣe é níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, lórí ìdúró, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé kankan. Ibẹ̀ ni mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ pẹ̀lú òwú nínú irun. Ìwé ìṣirò kan ṣoṣo ni àwa mẹ́ta jọ ń lò, èmi ló sì máa ń kàn kẹ́yìn, nígbà tí oorun ti ń kùn mí. Torí kí n lè kúrò nídìí kíká aṣọ ni mo ṣe kọ́ ìṣirò. Wọ́n wá ní kí n lọ fọwọ́ ara mi ṣa ẹ̀rọ tí yóò dá mi padà síbẹ̀, kí n sì rí i pé ojúlówó ni.

Mo lè ṣa èyí tí kò dára. N kò ní purọ́, mo rò ó ní gbogbo ọjọ́ Ajé yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wọn nǹkan, ojú rẹ̀ kì í gbà kó mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tí kò péye. Mo jókòó, mo kọ ìbéèrè méje sínú ìwé.

Ọmọ àbúrò Màdáámú yìí là ń pè ní Akọ̀wé, torí òun ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò ní ìkà nínú. Ohun tó kàn ń ṣe é ni pé gbogbo nǹkan tó bá ń dán ni ó ń gbà gbọ́.

Bí a ti wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbé èyí tó tóbi jù lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ wo ojú ẹ̀! Èèyàn lè wò ó bíi dígí fi gé irùngbọ̀n."

Mo ṣí ìwé mi. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tajà pé, "Tí a bá gbé e dúró níwájú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, ṣé a máa rí ohun tó kọ?"

"Bàbá, inú ilé ni wọ́n ń lò ó."

"Fèrèsé ò sí nínú ilé yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e jáde tẹ̀ lé wa. Nínú oòrùn, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá yẹn dúdú bíi kànga. Irun imú ara mi nìkan ni mo rí nínú rẹ̀. A dá a padà.

Èkejì kéré, kò sì wọ́n. Ojú kámẹ́rà kan ṣoṣo ló ní. Ọmọbìnrin náà ṣí áàpù ìwọ̀n lórí rẹ̀, ó nà án sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ náà ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá ni. Mo fa téèpù yọ nínú àpò. Ẹsẹ̀ bàtà méje àti íńṣì méjì ni.

"Ilẹ̀kùn yìí," mo ní, "ìròyìn ẹ̀ ti ga ju òun fúnra ẹ̀ lọ."

"Bàbá, ẹ ní sùúrù, ó máa ń kọ́ ọ ni díẹ̀díẹ̀," ọmọbìnrin náà ní.

"Ilé ta ló máa fi kọ́ṣẹ́?"

Akọ̀wé ti ń tijú nítorí mi. Ó fà mí létí pé kí n má ṣe dà wọ́n láàmú, pé èyí tó lọ jù lọ́jà náà ló dára jù. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ṣì ku mẹ́rin. Mo béèrè bóyá áàpù náà ń ṣiṣẹ́ tí kò bá sí dátà, torí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kì í ní nǹkan kan. Mo béèrè iye wákàtí tí bátìrì rẹ̀ ń lò. Ọmọbìnrin náà ní odindi ọjọ́ kan. Mo ní ọjọ́ ta ni, ti ẹni tó ń wo àwòrán lórí àga ni, àbí ti ẹni tó ń wọn ilé mẹ́fà? Mo ní kó jẹ́ kí ó jábọ́ lẹ́ẹ̀kan ká wò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́yà bí ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n gbé jáde láti abẹ́ káńtà. Àwọ̀ eérú ni, kò lẹ́wà rárá, aṣọ rọ́bà nípọn sì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú kámẹ́rà wà, ojú kékeré kan sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ta ìmọ́lẹ̀ tí èèyàn kò lè rí, ìmọ́lẹ̀ yẹn ló fi ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Nínú oòrùn, mo rí gbogbo ohun tó kọ. Wọ́n pa dátà rẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n nà án sí ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ náà ní ẹsẹ̀ bàtà méje, íńṣì méjì àti ìdámẹ́rin.

"Ó fi ìdámẹ́rin kún un," mo ní. Inú mi dùn díẹ̀.

Mo tún na téèpù mi. Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó dáadáa. Ìdámẹ́rin náà wà níbẹ̀. Èmi ni n kò rí i nígbà àkọ́kọ́.

"Eléyìí ni," mo ní. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó dà bíi ti ẹni tó ń júwe ilé rẹ̀ fún olè.

Akọ̀wé lo ọ̀sán ọjọ́ kan láti fi kó áàpù sínú rẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, mo kà á. Ọ̀kan ń ka ìṣísẹ̀. Ọ̀kan ń sọ bóyá òjò máa rọ̀, fèrèsé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Akọ̀wé jókòó sí. Ọ̀kan ń han ní wákàtí wákàtí pé kí èèyàn mu omi. Ọ̀kan ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè tí oníbàárà wa kankan kò gbọ́ rí. Ọ̀kan wà fún wíwá tábúlẹ́ẹ̀tì náà tó bá sọnù, inú tábúlẹ́ẹ̀tì náà gan-an ló sì fi í sí, kò fi sórí nǹkan mìíràn.

Mo ní, "Mẹ́ta tó wa. Èyí tó ń wọn nǹkan, èyí tí a ó máa kọ àkọsílẹ̀ fèrèsé kọ̀ọ̀kan sí pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, àti èyí tó máa bá wa tọ́jú gbogbo rẹ̀ síbòmíì kó má bàa ṣègbé bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́."

"Bàbá, ẹ ò mọ̀ pé ayé ti dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọjọ́ kejì, kí aago méjìlá tó lù, tábúlẹ́ẹ̀tì ti kú sí i lọ́wọ́. Gbogbo áàpù yẹn ló wà lójúfò, tí wọ́n ń mu bátìrì. Ohun tó kẹ́yìn tó hàn lójú rẹ̀ ni pé kí ó mu omi. Lọ́jọ́ yẹn ló yọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n kúrò, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí n sọ níbí, torí láìsọ ọ́, ìyókù kò ní yéni.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àti oṣù méje tí mo fi ká aṣọ níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n jẹ́ kí n lọ wọn fèrèsé. Fèrèsé mi kẹta ni kọ́tìnì rẹ̀ kúrú ní íńṣì kan ààbọ̀. Ìwọ̀n mi péye. Ẹni tó rán an ló ṣẹ́ etí rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni kò bi mí. Ọjọ́bọ̀ ni, kó tó di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ní kí n máa lọ. Òjò pa mí délé, bàtà mi ọ̀tún sì já lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti wọn gígùn fèrèsé tán, mo máa ń fi ìka mẹ́ta kún un kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Íńṣì méjì ni ìka mẹ́ta mi. N kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan. Tí mo bá sì lọ sílé oníbàárà tí mo rí kọ́tìnì náà, ó máa ń bá ilẹ̀ ṣe wẹ́kú, kò gbálẹ̀, kò lọ sókè. Mo gbà pé aṣọ ń sún kì lábẹ́ áyọ́ọ̀nù ni, pé ìka mẹ́ta mi ló ń gba gbogbo ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ ìtìjú. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, inú mi á sì dùn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe ni ti ilé ìwòsàn ojú. Fèrèsé mọ́kànlá, aṣọ dúdú tó nípọn, torí wọ́n ń fẹ́ òkùnkùn nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Akọ̀wé dúró níwájú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ó na ẹ̀rọ sí i, ó fọwọ́ kàn án, ó kọ iye rẹ̀. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú téèpù, torí Màdáámú ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló bára mu.

"Bàbá, ṣé ó péye?" Akọ̀wé bi mí.

Mo mọ̀ pé kò sí ìka mẹ́ta nínú rẹ̀. Ó dá mi lójú pé kọ́tìnì yẹn máa kúrú.

"Ó péye," mo ní.

Òtítọ́ ni mo sọ. Irọ́ tí mo ti ń pa láti ọdún mọ́kàndínlógún kò tíì dójú ti ẹnikẹ́ni rí. Òtítọ́ kan ṣoṣo yìí ló kó bá wa.

Ọjọ́ kẹsàn-án, dókítà ojú tẹ Màdáámú láago. Ohùn rẹ̀ le débi pé gbogbo wa gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. "Íńṣì méjì, Màdáámú! Ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ ẹ̀ wọlé bí omi. Àwọn tí ojú ń dùn tó wá sọ́dọ̀ mi gan-an ló fi hàn mí pé ó kúrú!"

Màdáámú gbé fóònù kalẹ̀. Tí inú bá ń bí i, kì í pariwo. Ó pe Akọ̀wé, ó ní kó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà wá, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́rùn. Ó ní kí Akọ̀wé kó ẹrù rẹ̀, kó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí tí òun yóò fi lè wo ojú rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Oníwọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba téèpù yín. Ẹ lọ tún mọ́kọ̀ọ̀kànlá wọ̀n. Èèyàn lèèyàn ń jẹ́."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo lọ, mo wọ̀n wọ́n, mo fi ìka mẹ́ta kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fúnra mi gbé ìwé náà lọ sí yàrá ìgé aṣọ. N kì í lọ síbẹ̀. Obìnrin tó ń gé aṣọ, tí à ń pè ní Ìyá Àlùmọ́gàjí, ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ó fi ọdún méjì jù mí lọ, a kì í sì í bá ara wa sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ṣùgbọ́n inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo sì fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń gé ìdáláre mi.

Ó wo ìwé. Ó tẹ́ aṣọ dúdú náà sórí tábìlì, ó fi rúlà gígùn sí i, ó sì dé ibi tí mo kọ gan-an. Ó wá fa rúlà padà sẹ́yìn díẹ̀, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?" mo bi í.

"Kí ni mo ń ṣe?"

"Ẹ fa rúlà sẹ́yìn."

"Láti ọjọ́ wo lo ti ń ṣọ́ ọwọ́ mi?"

"Ẹsẹ̀ bàtà méje àti íńṣì mẹ́fà ni mo kọ. Méje àti mẹ́rin lẹ sàmì sí."

Ó gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí aṣọ tí kò dá a lójú. "Ṣé méje àti mẹ́fà ni fèrèsé yẹn lóòótọ́?"

Mo ń wo àmì ṣọ́ọ̀kì náà.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o."

"Méje àti mẹ́rin ni."

"Ẹn-ẹ́n! Ìwọ ń kó irọ́ ránṣẹ́ sí mi, èmi ń gé e dànù. Ta ló yẹ kó bi ẹnì kejì ní ìbéèrè?"

Mo fa àpótí kan, mo jókòó lé e. "Látìgbà wo?"

"Oṣù kẹta tó o dé. Gbogbo kọ́tìnì rẹ ló ń gbálẹ̀. Mo ní ọkùnrin yìí, ó ń bẹ̀rù nǹkan kan. Mo wá ń yọ íńṣì méjì kúrò."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo gòkè wá lọ́jọ́ kan láti sọ ọ́. O kọjá lára mi fìrì, o ò kí mi. Mo ní ó dáa, máa gbé ìgbéraga rẹ lọ, èmi á máa gé e."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni," mo ní. "Eyín ń dùn mí. Èyí tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, lápá òsì. N kò lè la ẹnu."

Ó wò mí pẹ́. "Ọdún mọ́kàndínlógún," ó ní, "nítorí eyín."

"Ìwé tí Akọ̀wé kọ, ṣé ẹ yọ nínú ẹ̀ náà?"

"Ìwé ló wá bá mi. Ìwé kì í sọ ẹni tó kọ ọ́. Mo rò pé ìwọ lo gbé ẹ̀rọ náà, tó o sì ti kọ́ ọ ní ìwà rẹ."

Aṣọ kì í sún kì. Ìka mẹ́ta mi kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ohunkóhun rí. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ ara mi ṣà péye bí ọjọ́, òun ló sì wà ní àtìmọ́lé nínú dúrọ́ọ̀.

"Má wulẹ̀ wò báyẹn," Ìyá Àlùmọ́gàjí ní. "Wọ́n ti dá téèpù rẹ padà. Máa fi kún un, n ó máa yọ ọ́, ayé á máa lọ. Kí lo fẹ́ lọ tú síta? O ti fẹ́ràn kíká aṣọ ni?"

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Mo gòkè lọ pẹ̀lú ìpinnu pé n ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n mo bá Akọ̀wé lórí àtẹ̀gùn, ó gbé páálí kékeré kan. Ife rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣáájà, bàtà tó máa ń wọ̀ nínú ọ́fíìsì, àti fọ́tò ọmọ rẹ̀. Ó dúró.

"Bàbá, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ṣé kò bára mu ni? Ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo ṣe."

Ó kéré tán, òun rí ẹni tó lè bi. Ní Ọjọ́bọ̀ tèmi, n kò rí ẹnikẹ́ni. Mo ní kó gbé páálí yẹn kalẹ̀ ná.

Màdáámú ń ka ìwé nígbà tí mo wọlé. Kò ní kí n jókòó. Mo dúró, mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀, ti ìka mẹ́ta àti ti rúlà. N kò fi eyín kún un. Nígbà tí mo parí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kó yé mi. Ṣé ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti gba ẹnì kan síṣẹ́ kó máa fi kún un, tí mo sì gba ẹlòmíì kó máa yọ ọ́ kúrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí kò sì sí kọ́tìnì kan tó bàjẹ́?"

"Kò sí, mà. Àfi ìgbà tí a ra ohun tó péye."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ó fi gbé orí lé tábìlì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tó gbé orí sókè, ó nu ojú, ó ní kí Akọ̀wé padà sí àga rẹ̀, kó gba tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí Ìyá Àlùmọ́gàjí máa gé ohun tó wà nínú ìwé láìfi tirẹ̀ kún un, kí èmi sì máa lọ ká aṣọ. Ó ṣe é pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo jẹ́ olóòótọ́.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ká aṣọ. Yàrá yìí ní fèrèsé kan, èyí tí ti àkọ́kọ́ kò ní. Mo mọ gígùn rẹ̀, n kò sì ní sọ ọ́. Ní ọjọ́ kìíní, Ìyá Àlùmọ́gàjí sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́.

"Ṣé iye ẹ̀ nìyí?"

"N kò lọ síbẹ̀. Mi ò mọ̀."

"Ta ni mo máa wá bi?"

"Ẹ gé e bó ṣe wà. Ẹ̀rọ náà péye."

"Ìwọ náà ní o péye."

Ó lọ. Kò gé e. Ó tún padà wá ní ọ̀sán, àti ní ọjọ́ kejì, àti ní ọjọ́ kẹta, ìwé ọwọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó ní ọwọ́ òun kò lọ síbẹ̀, pé tí òun bá fi rúlà sí i, ara òun kò balẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìwé mẹ́rìndínlógún ló wà lórí tábìlì rẹ̀, àwọn aránṣọ sì jókòó, wọ́n ń gé èékánná. Màdáámú fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá, ó bá a lọ́dọ̀ mi.

"Ìyá Àlùmọ́gàjí, kí lẹ ń fẹ́ gan-an?"

"Mà, mo fẹ́ kí Oníwọ̀n fọwọ́ sí i kí n tó gé e."

"Oníwọ̀n tó tàn yín jẹ fún ọdún mọ́kàndínlógún?"

"Òun náà, mà. Ẹni tí mo mọ irọ́ ẹ̀ ni mo lè bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ yẹn, mi ò tíì mọ tiẹ̀."

Màdáámú wò ó, ó wò mí, ó wo òkìtì aṣọ tí mo ti ká. Ó mí kanlẹ̀. Bí mo ṣe kúrò nídìí kíká aṣọ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Akọ̀wé ń na tábúlẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, èmi ń gun àkàbà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò, mo ń fọwọ́ sí ìwé. Iṣẹ́ tí èmi àti obìnrin kan ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di ti èèyàn mẹ́ta àti ẹ̀rọ kan. Màdáámú ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ilé iṣẹ́ òun ti bọ́ sí ayé òde òní.

Fèrèsé mọ́kànlá ti ilé ìwòsàn ojú, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró láti ọjọ́ tí àṣírí tú, ni a kọ́kọ́ tún gé. Mo gbé ìwé wá, ìbuwọ́lùwé mi wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Àlùmọ́gàjí tẹ́ aṣọ, ó fi rúlà sí i.

"Búra," ó ní.

"Mo búra. Méje àti mẹ́rin. Mi ò fi nǹkan kan kún un."

"Ìka kan ńkọ́?"

"Ìka kan gan-an, mi ò fi kún un."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Mo rí i tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń fa rúlà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ tẹ orí rúlà mọ́lẹ̀.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò."

"Ẹ sàmì sí i ná."

"Mo ní gbé ọwọ́ rẹ kúrò, n ó sàmì sí i."

Mo gbé e kúrò. Ó mí sínú, ó sàmì síbi tó yẹ, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé e láti etí kan dé èkejì láìdúró. Lẹ́yìn náà ló tó wò mí.

"Tó bá kúrú," ó ní, "ìwọ lo máa lọ dúró níbẹ̀, tí wàá máa fi ẹsẹ̀ dí ìmọ́lẹ̀."